Àwọn ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ ara kọ̀ǹpútà Windows: bí ẹ ṣe lè rí wọn, kí ẹ sì tì wọ́n

Kí ọ̀rọ̀ tó pọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe nǹkan kékeré kan lórí kọ̀ǹpútà Windows yín. Ẹ di bọ́tìnì Windows mú, kí ẹ tẹ R. Àpótí kékeré kan yóò yọjú; ẹ kọ cmd sínú rẹ̀, kí ẹ tẹ Enter. Nínú fèrèsé dúdú tó bá ṣí, ẹ kọ:

net share

Ohun tó jáde lórí tèmi nìyí. Tiyín náà kò ní jìnnà sí i:

C$          C:\              Default share
IPC$                         Remote IPC
ADMIN$      C:\WINDOWS       Remote Admin

Mi ò fọwọ́ ara mi pín fódà kankan fún ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀rọ yìí rí. Síbẹ̀, ẹ wo ìlà kìíní. C:\ ló wà níbẹ̀, ìyẹn gbogbo díìsìkì pátá: fọ́tò, ìwé, àwọn fáìlì tí mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ ibi tí wọ́n wà. Windows ló pín in, kò sì bi mí léèrè. Bí dìráìfù D bá wà nínú kọ̀ǹpútà yín, ẹ óò rí D$ náà níbẹ̀.

Àpínlò ìkọ̀kọ̀ ni n ó máa pe àwọn nǹkan tó ní àmì dọ́là nídìí yìí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà, láti ayé Windows NT. Ẹni tó ń bójú tó ọgọ́rùn-ún kọ̀ǹpútà ní ilé-iṣẹ́ kò lè máa rìn láti ìdí tábìlì kan dé òmíràn; ó fẹ́ jókòó sójú kan, kó ti ibẹ̀ fi fáìlì ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. C$ ń mú un dé ìdí díìsìkì, ADMIN$ ń mú un dé inú fódà Windows fúnra rẹ̀. IPC$ ní tirẹ̀ kò ní fódà kankan lẹ́yìn. Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà kan ń gbà bá òmíràn sọ̀rọ̀ ni. Ohun tó wúlò fún ilé-iṣẹ́ yìí náà ni wọ́n gbé ka orí kọ̀ǹpútà ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, a nílò rẹ̀ o, a ò nílò rẹ̀ o.

Àmì dọ́là kì í ṣe àgádágodo

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé níwọ̀n bí C$ kò ti hàn nígbà tí wọ́n bá ṣí Network nínú File Explorer, kò sẹ́ni tó lè rí i. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Bí ẹnì kan tó ní àkáǹtì lórí kọ̀ǹpútà mi bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mìíràn nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, tó sì kọ èyí (192.168.1.23 ni àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà mi)

net view \\192.168.1.23

àwọn àpínlò tí kò ní dọ́là nìkan ni yóò rí. Bó bá wá kọ

net view \\192.168.1.23 /all

gbogbo wọn yóò tò síwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ /all yẹn nìkan ni ìyàtọ̀. Kò tilẹ̀ sí ìdí tó fi yẹ kó wá orúkọ kiri, nítorí C$ ló ń jẹ́ lórí gbogbo Windows láyé.

Ohun tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn yìí ní tòótọ́ ni pé àwọn àkáǹtì tó wà nínú ẹgbẹ́ Administrators ló lè gba ibẹ̀ wọlé. Nítorí náà, bí pásíwọ́ọ̀dù ọ̀kan nínú àwọn àkáǹtì wọ̀nyẹn bá rọrùn, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn náà ṣe rọrùn tó. Ní ìparí ọdún 2008, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Conficker bẹ̀rẹ̀ sí í jà káàkiri ayé. Ọ̀kan nínú ọgbọ́n rẹ̀ ni pé ó gbé àkójọ àwọn pásíwọ́ọ̀dù tó wọ́pọ̀ dání. Yóò dé ẹnu ADMIN$ ti kọ̀ǹpútà mìíràn, yóò máa dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi tó bá ti ṣí ni yóò ti da ara rẹ̀ kọ sínú fódà Windows. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2017, kòkòrò mìíràn tó ń jẹ́ NotPetya dé. Òun ń kó pásíwọ́ọ̀dù jáde láti inú mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà tó ti kó sí i lọ́wọ́, ó sì ń fi wọ́n gba ADMIN$ wọ àwọn yòókù.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ ìmọ̀ràn tó kàn ní kí ẹ pa C$ rẹ́, kí ẹ lọ sùn. Ẹni tó bá ti ní kọ́kọ́rọ́ alákòóso lọ́wọ́ lè fi ìlà kan ṣoṣo dá C$ padà. Kọ́kọ́rọ́ ni ká kọ́kọ́ wò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ta ló ní kọ́kọ́rọ́?

Láti ibí lọ, ẹ óò nílò fèrèsé dúdú tó ní agbára alákòóso. Ẹ tẹ Start, ẹ kọ cmd, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ Command Prompt, kí ẹ yan Run as administrator. Ẹ wá kọ:

net localgroup administrators

Ẹ ka àwọn orúkọ tó bá jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má sì kánjú. Orúkọ yín yóò wà níbẹ̀, àti Administrator, èyí tí Windows fúnra rẹ̀ dá. Ta ni àwọn yòókù? Ó lè jẹ́ ẹni tó tún kọ̀ǹpútà ṣe ló dá àkáǹtì kan tó pè ní test tàbí user1, kò sì yọ ọ́ kúrò nígbà tó parí iṣẹ́. Ó lè jẹ́ ọmọ yín, tí ẹ fún ní agbára yìí kó lè fi eré kan sórí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ kò bá dá orúkọ kan mọ̀, ẹ fi í sí ipò test nínú àṣẹ yìí, kí ẹ wo ìgbà tó wọlé kẹ́yìn:

net user test

Ìlà Last logon yóò sọ fún yín. Láti yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ alákòóso láìpa àkáǹtì náà rẹ́:

net localgroup administrators test /delete

Ẹ kíyè sí i o: kí ẹ tó yọ ẹnikẹ́ni, ẹ rí i dájú pé ó kéré tán alákòóso kan ṣẹ́ kù tí ẹ mọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, tí ẹ sì ti fi wọlé wò.

Ó kan Administrator fúnra rẹ̀. Láti ìgbà Windows Vista ni wọ́n ti ń pa á tì kí kọ̀ǹpútà tó dé ọwọ́ wa, àmọ́ àwọn kan máa ń jí i. Ẹ kọ net user Administrator, kí ẹ wo ìlà Account active. Bó bá jẹ́ Yes, ẹ pa á:

net user Administrator /active:no

Ọ̀rọ̀ pásíwọ́ọ̀dù wá kù, ibẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ wa ló ń fi PIN oní nọ́ńbà mẹ́rin ṣí kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́, tí a sì ti gbàgbé pé pásíwọ́ọ̀dù wà lẹ́yìn rẹ̀. PIN yẹn kò kan ẹni tó ń bọ̀ láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Orí kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Pásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹ fi orúkọ ọmọ àti 123 ṣe ní ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ tan kọ̀ǹpútà, ni yóò dán wò. Ẹ tẹ Ctrl, Alt àti Delete pa pọ̀, ẹ yan Change a password, kí ẹ fi gbólóhùn gígùn kan rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò bára tan, tí ẹ kò lò níbòmíràn, sàn ju ọ̀rọ̀ kúkúrú tí ẹ fi @ àti 0 ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

Àkáǹtì tí kò ní pásíwọ́ọ̀dù rárá ńkọ́? Láti ayé Windows XP, Windows kì í jẹ́ kí irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ wọlé láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì; ẹni tó bá fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù nìkan ló lè lò ó. Ìyẹn ni pé àkáǹtì tó ní 1234 rọrùn láti gbà lọ́nà jíjìn ju èyí tí kò ní nǹkan kan lọ. Kí ẹnikẹ́ni má torí ìyẹn yọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ kúrò o, nítorí olè tó bá gbé kọ̀ǹpútà náà lọ kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wò ó bóyá asẹ́ ṣì wà níbẹ̀

Vista mú ohun rere kan wá tí àwọn Windows tó tẹ̀ lé e kò jù sílẹ̀. Bí àkáǹtì tí ẹ dá sórí kọ̀ǹpútà yín bá ń wọlé láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Windows máa ń fi asẹ́ sẹ́ ẹ, yóò bọ́ agbára alákòóso kúrò lára rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kódà bí pásíwọ́ọ̀dù bá pé, tí ẹni náà bá kan ilẹ̀kùn C$, Access is denied ni yóò gbọ́. Asẹ́ yìí ló ń gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà inú ilé là láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀. Asẹ́ náà kì í sẹ́ àkáǹtì Administrator tí Windows dá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ pa á.

Ṣùgbọ́n ó ṣeé yọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹnì kan tí mo mọ̀ dáadáa gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá bá mi pé ó ń lọ́ra. Mo gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n dán ohun kan wò. Lórí kọ̀ǹpútà tèmi, mo ṣí File Explorer, mo kọ \\, àdírẹ́sì láptọ́ọ̀pù rẹ̀ àti \C$ sí ibi àdírẹ́sì lókè. Àpótí jáde, ó ń béèrè orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù. Mo ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Access is denied ni mo ń retí. Program Files ló kọ́kọ́ yọ, Users tẹ̀ lé e, Windows tẹ̀ lé e. Ó na ìka sí Users, mo ṣí i, fódà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ṣí Pictures, àwọn fọ́tò kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà mi. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Orúkọ rẹ̀ àti ọdún ìbí rẹ̀ ni pásíwọ́ọ̀dù náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó ti fẹ́ kó fáìlì láti láptọ́ọ̀pù kan sí òmíràn nígbà kan rí, kò bọ́ sí i, ó wá ìrànlọ́wọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ní kó fi ìlà kan sínú Registry, ibi tí Windows ń kó àwọn ètò rẹ̀ pamọ́ sí. Ó fi í síbẹ̀, fáìlì rẹ̀ kọjá, ó gbàgbé. Ìlà yẹn ló yọ asẹ́. Ẹ wò ó bóyá ó wà lórí tiyín (gbogbo rẹ̀ orí ìlà kan):

reg query HKLM\SOFTWARE\Microsoft\Windows\CurrentVersion\Policies\System /v LocalAccountTokenFilterPolicy

Bó bá ní òun kò rí i, ó dára bẹ́ẹ̀. Bó bá gbé 0x0 jáde, ó dára pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ 0x1, asẹ́ ti kúrò nìyẹn. Ẹ dá a padà:

reg delete HKLM\SOFTWARE\Microsoft\Windows\CurrentVersion\Policies\System /v LocalAccountTokenFilterPolicy /f

Ẹni tó bá ti lo winrm quickconfig tàbí Enable-PSRemoting rí, kí ó yẹ ibí yìí wò dáadáa, nítorí àwọn àṣẹ méjèèjì máa ń yí i sí 1.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ojúlé 445

Bí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ ilé ńlá tó ní ọ̀pọ̀ ojúlé (ohun tí wọ́n ń pè ní port), ojúlé 445 ni gbogbo àpínlò ń gbà. Ojúlé 139 jẹ́ èyí tí wọ́n ń lò láyé àtijọ́, àwọn ẹ̀rọ kan ṣì ń lò ó. Bí Firewall, ìyẹn ògiri ààbò Windows, bá ti ojúlé yìí, ẹni tó wà níta kò ní dé ẹnu C$ débi tí yóò dán pásíwọ́ọ̀dù wò. Fún kọ̀ǹpútà tí kò pín nǹkan fún òmíràn, n kò mọ ìgbésẹ̀ tó lérè ju èyí lọ.

Lórí Windows 11, ẹ ṣí Settings, ẹ lọ sí Network & internet, ẹ tẹ orúkọ Wi-Fi tí ẹ wà lórí rẹ̀, kí ẹ yan Public network. Orúkọ yẹn máa ń da èèyàn láàmú. Ó dà bí ẹni pé ẹ ń sọ kọ̀ǹpútà yín di ti gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹ ń sọ fún Windows ni pé ibi tí ẹ wà jẹ́ ìta gbangba, kó ṣọ́ra. Private ló máa ń ro pé ọ̀rẹ́ ni gbogbo ẹni tó wà nítòsí.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí Network & internet, ẹ wọ Advanced network settings, ẹ wọ Advanced sharing settings, kí ẹ pa File and printer sharing lábẹ́ Private àti Public. Lórí Windows 10, inú Control Panel ni ẹ óò ti rí i, lábẹ́ Network and Sharing Center. Títẹ̀wé láti orí kọ̀ǹpútà yín kò ní dáwọ́ dúró. Ohun tí yóò dúró ni kí ẹlòmíràn máa gba orí kọ̀ǹpútà yín dé orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti ṣí 445 lórí ráútà yín kó lè máa wo fáìlì láti òkèèrè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tì í lónìí. Kò sí ìdí kankan tó fi yẹ kí ojúlé yẹn kọjú sí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: SMB1

SMB ni èdè tí àwọn àpínlò ń sọ, SMB1 sì ni ẹ̀dà rẹ̀ tó ti gbó. Inú ibẹ̀ ni kòkòrò kọ̀ǹpútà WannaCry gbà ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, òun kò sì béèrè pásíwọ́ọ̀dù rárá. Àléébù inú SMB1 ló lò, èyí tí Microsoft ti ṣe àtúnṣe rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún yẹn. Windows tuntun kì í gbé e wá mọ́. Ẹ ṣí PowerShell (fèrèsé àṣẹ mìíràn bíi cmd) pẹ̀lú Run as administrator, kí ẹ kọ:

Get-SmbServerConfiguration | Select EnableSMB1Protocol

Bó bá jẹ́ True, ẹ kọ:

Set-SmbServerConfiguration -EnableSMB1Protocol $false

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ṣé kí á pa C$ rẹ́?

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo ti òkè yìí, mo lè sọ pé ẹ ti ṣe ohun tó ṣe pàtàkì jù. Microsoft fúnra rẹ̀ kì í gba èèyàn níyànjú láti yọ àwọn àpínlò yìí. Bí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n láìbá àwọn tó ń bójú tó o sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n lè máa gba ADMIN$ fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí yín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ tiyín, tí ẹ kò sì fẹ́ rí i níbẹ̀, ẹ̀tọ́ yín ni.

Àwọn kan máa ń kọ net share C$ /delete, inú wọn á dùn pé ó ti lọ. Bí wọ́n bá pa kọ̀ǹpútà, tí wọ́n tún tàn án, C$ ti padà dé. Kó tó lè lọ pátá, Registry ni ẹ óò ti sọ fún un (nínú fèrèsé dúdú alákòóso, orí ìlà kan):

reg add HKLM\SYSTEM\CurrentControlSet\Services\LanmanServer\Parameters /v AutoShareWks /t REG_DWORD /d 0 /f

Ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún un tàn, kí ẹ wá kọ net share. C$ àti ADMIN$ yóò ti lọ. IPC$ yóò ṣì wà níbẹ̀, àṣẹ yìí kì í kàn án. Bí ọkàn yín bá yí padà, ẹ fi 1 rọ́pò 0.

Ẹni tó dá lójú pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò ní pín nǹkankan láéláé lè pa iṣẹ́ tó ń gbé gbogbo àpínlò dúró, tòun ti IPC$:

sc config LanmanServer start= disabled
net stop LanmanServer /y

Àyè tó wà lẹ́yìn àmì = yẹn kì í ṣe àṣìṣe; ẹ fi síbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó sọ pé ó ti parí

Ẹ má dán an wò láti orí kọ̀ǹpútà kan náà. Bí ẹ bá kọ \\localhost\C$ lórí rẹ̀, Firewall kò ní dá yín dúró, nítorí inú ilé lẹ ti ń bọ̀. Kọ̀ǹpútà kejì lẹ nílò, lórí Wi-Fi kan náà. Ẹ kọ ipconfig lórí ti àkọ́kọ́ kí ẹ mọ àdírẹ́sì rẹ̀, èyí tó wà níwájú IPv4 Address. Ẹ wá lọ sórí èkejì, ẹ ṣí PowerShell, kí ẹ fi àdírẹ́sì yẹn sí ipò tèmi:

Test-NetConnection 192.168.1.23 -Port 445

TcpTestSucceeded : False ni ẹ ń wá. Bí ẹ bá rí True, ojúlé ṣì ṣí sílẹ̀. Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹta. Ó lè jẹ́ Private ni Wi-Fi yín ṣì wà, tàbí ètò ààbò mìíràn tí ẹ rà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Windows Firewall, tí ó jẹ́ pé inú tirẹ̀ ni ẹ ti gbọ́dọ̀ tì í.

Bí ẹ bá sì fura pé ẹnì kan wà nínú kọ̀ǹpútà yín báyìí, Get-SmbSession nínú PowerShell alákòóso yóò sọ orúkọ àkáǹtì tó wọlé àti àdírẹ́sì ibi tó ti wá. Get-SmbOpenFile yóò sọ fáìlì tó ṣí. Ní ọjọ́ tí kò séwu, òfìfo ni méjèèjì.

Lọ́jọ́ iwájú, bí ẹ bá pín fódà kan fún ẹnì kan, tàbí tí ẹ pín ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, Windows yóò tún ojúlé 445 ṣí fún yín kí ohun tí ẹ pín lè dé ọ̀dọ̀ ẹni náà. Ó lè má kéde rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣe irú rẹ̀, ẹ padà sí Advanced sharing settings ní kété tí iṣẹ́ náà bá parí, ẹ pa á, kí ẹ sì kọ net share lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ wo ohun tó ṣẹ́ kù nínú àkójọ náà.